Ojúlówó rẹ́kọ́ọ̀dù orin fíìmù Hollywood àtijọ́: báwo lẹ ṣe ń dá a mọ̀?

Àkànní_Lewisham

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Màmá mi máa pé 75 lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn àwọn fíìmù olórin Hollywood ayé ìgbà yẹn débi pé wọ́n lè kọ gbogbo West Side Story láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo ti ra gírámáfóònù tuntun fún wọn, mo gbé e pamọ́ sí yàrá mi, ó wá ku rẹ́kọ́ọ̀dù tí màá kó tì í. Lọ́jọ́ Sátidé mo yà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan, mo rí South Pacific ní pọ́n-ùn méjì, páálí ẹ̀ ń dán gbinrin, mo gbé e délé pé kí n kọ́kọ́ dán an wò, mi ò mọ̀ pé màmá ti dúró sẹ́yìn mi. Orin àkọ́kọ́ ò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi ní "Àkànní, ta leléyìí? Ẹni tó kọ ọ́ nínú fíìmù kọ́ nìyí." Mo yí páálí sẹ́yìn, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí láyé mi ni mo bá níbẹ̀. Àṣírí gírámáfóònù ti tú, rẹ́kọ́ọ̀dù tún wá jẹ́ ayédèrú.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ti fíìmù gan-an? Èwo ni kí n rà, èwo ni kí n sá fún? Mi ò lówó rẹpẹtẹ o.

Bàbá_Gírámáfóònù

Àkànní, kú oríire màmá, Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa. Kì í ṣe ayédèrú lo rà, kò kàn jẹ́ èyí tó o rò ni. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí páálí tó ń dán ò tíì tàn jẹ rí.

Ìwọ ṣáà gbọ́. Orin fíìmù kan lè gba ọ̀nà mẹ́ta dórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó lè jẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ látinú ohùn fíìmù gan-an, èyí tí wọ́n máa ń kọ "original soundtrack" sí lára. Ó sì lè jẹ́ ti orí ìtàgé, torí ọ̀pọ̀ àwọn fíìmù yẹn ló ti jẹ́ eré Broadway ní New York kí Hollywood tó rà á, àwọn tó ṣe é lórí ìtàgé ló kọrin sí i, "original cast" ni wọ́n ń kọ sí ìyẹn (bí orin eré Ògúndé ṣe máa ń wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà tiwa náà). Ẹ̀kẹta ni pé kí àwọn ẹlòmíì tí ò mọ̀dí kó orin náà wọ sítúdíò lọ tún un kọ, kí wọ́n ya àwòrán tó jọ ti fíìmù sí páálí, kí wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó. Ibẹ̀ lo kó sí.

Wá wo South Pacific fúnra ẹ̀. Ti orí ìtàgé jáde lọ́dún 1949, Mary Martin àti Ezio Pinza ló kọ ọ́, Columbia ló ṣe é. Ti fíìmù jáde ní 1958, RCA ló ṣe é. Tó o bá ti rí RCA lára ẹ̀, tó o rí orúkọ Mitzi Gaynor, gbé e. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ẹ lówó gọbọi o, torí rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn jókòó sí ipò kìíní nínú àwọn LP (rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń gba orin púpọ̀) tó ń tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ 70 láìsọ̀kalẹ̀, láti November 1958 títí wọ March 1960, tá a bá sì ka gbogbo ẹ̀ pọ̀, ọ̀sẹ̀ 115 ló lò nípò kìíní. Kò sí ilé tí ò ra tiẹ̀ nígbà yẹn. Ó pọ̀ nínú àpótí àlòkù ní London bí iyanrìn ètí òkun.

Àǹtí_Bísí_Houston

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ kí á tó pariwo "ohùn fíìmù gan-an", ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè pé ohùn ta ni. Nínú South Pacific 1958 yẹn náà, Rossano Brazzi tẹ́ ẹ rí lójú fíìmù kọ́ ló ń kọrin, Giorgio Tozzi, olórin ọ́pẹ́rà, ló yá a lóhùn. Èyí tó wá máa ń yà mí lẹ́nu jù ni ti Juanita Hall. Obìnrin yìí ló ń kọ orin Bloody Mary lórí ìtàgé ní New York, ohùn ẹ̀ wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù 1949, ìgbà tó wá dé inú fíìmù, ojú ẹ̀ ni wọ́n lò, Muriel Smith tó ṣe eré náà ní London ni wọ́n ní kó bá a kọ orin.

Ẹ rántí fíìmù Índíà tá a máa ń wò lọ́mọdé? Níbẹ̀, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé Lata Mangeshkar ló ń kọrin fún àwọn òṣèré, orúkọ ẹ̀ gan-an ló ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní Hollywood ńkọ́? Wọ́n ń gbé e pamọ́ bí ẹni gbé obì pamọ́ fún ọmọdé. Marni Nixon ni orúkọ tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Òun ló kọrin fún Deborah Kerr nínú The King and I lọ́dún 1956, ó kọrin fún Natalie Wood nínú West Side Story ní 1961, ó tún kọrin fún Audrey Hepburn nínú My Fair Lady ní 1964. Ó sọ nígbà tó yá pé nígbà The King and I wọ́n kìlọ̀ fún òun pé tóun bá sọ ọ́ síta, òun ò ní ríṣẹ́ ṣe mọ́ nílùú yẹn. Ti West Side Story, Natalie Wood ti gba orin sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó rò pé ohùn òun ni wọ́n máa lò, àfi ìgbà tí wọ́n parí tí wọ́n fi ti Marni rọ́pò ẹ̀. Marni bèèrè ìpín nínú owó rẹ́kọ́ọ̀dù, wọn ò fún un, Leonard Bernstein tó kọ orin ló bù díẹ̀ fún un nínú tiẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn kan náà ló wá ṣe ọ̀sẹ̀ 54 nípò kìíní lórí àtẹ sítẹ́rìò Billboard, ìwé ìròyìn orin Amẹ́ríkà, níbí o.

Torí náà màmá Àkànní tó mọ orin West Side Story látorí, Marni Nixon ni wọ́n mọ̀ lórí, pẹ̀lú Jimmy Bryant tó kọrin fún Richard Beymer. Ẹ má sọ fún wọn o.

Ṣadé_Ìjẹ̀bú

Háà! Gbogbo ayé mi! Àǹtí Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé Captain nínú The Sound of Music náà...

Àǹtí_Bísí_Houston

Ṣadé, pẹ̀lẹ́ o. Bill Lee ni. Ìyá Àgbà inú kọ́ńfẹ́ǹtì náà, Peggy Wood, Margery McKay ló kọ tiẹ̀. Julie Andrews nìkan lo lè fọkàn balẹ̀ sí, ohùn tiẹ̀ ni. Tó o bá fẹ́ rí Marni Nixon lójúkojú, wo inú fíìmù yẹn dáadáa, òun ni Sister Sophia, ọ̀kan nínú àwọn sísítà tó ń kọrin nípa Maria. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tó fi kọrin lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n jẹ́ ká rójú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà fún ẹ: ní 2023, Craft Recordings tún un ṣe, wọ́n kó gbogbo orin tó wà nínú fíìmù jọ, wọ́n sì fi ibi tí Christopher Plummer tó ṣe Captain ti fẹnu ara ẹ̀ kọ ọ́ sí i. Mo ti gbọ́ ọ. Kò burú rárá, mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ti mọ ohùn Bill Lee mọ́ra jù.

Lọ́yà_Mókọ́lá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí láyè, torí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú oko tèmi. Ohun tó ń dàrú ojú rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀nyí jù lọ, kọ́ńtíráàkì ni. Láyé ìgbà yẹn, olórin tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan, àwọn ló ni ohùn ẹ̀ lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, kò gbọdọ̀ kọ ọ́ fún ẹlòmíì. Ilé iṣẹ́ fíìmù lè gbà á síṣẹ́, kó kọrin, kó jó, kó gbayì lójú sinimá, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé ohùn yẹn sórí àwo, kálukú á gbé ìwé àdéhùn tiẹ̀ jáde.

Ẹ wo White Christmas, 1954. Bing Crosby wà ní Decca, Rosemary Clooney wà ní Columbia. Columbia kọ̀, wọn ò yọ̀ǹda ẹ̀. Kí ni Decca ṣe? Wọ́n pe Peggy Lee kó wá kọ apá tirẹ̀. Clooney náà lọ kọ tiẹ̀ sọ́tọ̀ ní Columbia. Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù tó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní rẹ́kọ́ọ̀dù tí gbogbo wọn ti jọ wà pa pọ̀ bó ṣe wà lójú sinimá. Tí màmá bá sọ pé "ohùn obìnrin yẹn ò jọ ọ́", wọn ò parọ́.

Ọdún yẹn kan náà, There's No Business Like Show Business. Marilyn Monroe ní àdéhùn pẹ̀lú RCA, Decca ló ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, ni wọ́n bá ní kí Dolores Gray kọ orin Marilyn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Guys and Dolls: Frank Sinatra jẹ́ ti Capitol, ni Decca bá gbé àwo kékeré kan jáde tí Marlon Brando àti Jean Simmons wà níbẹ̀, Sinatra ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ fojú inú wò ó, Brando tí kì í ṣe olórin wà lórí àwo, Sinatra ò sí!

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni Porgy and Bess, 1959. Sammy Davis Jr. ló ṣe Sportin' Life nínú fíìmù, ó sì ṣe é dé góńgó. Decca ló ni ín, Columbia ló ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò, tí wọ́n fi Cab Calloway rọ́pò ẹ̀ lórí àwo. Sidney Poitier, Robert McFerrin (bàbá Bobby McFerrin) ló kọrin fún un. Dorothy Dandridge, Adele Addison ló kọrin fún un. Ẹ bá mi kà á: nínú àwọn mẹ́ta tójú wọn gbajúmọ̀ jù nínú fíìmù yẹn, kò séyìí tóhùn ẹ̀ wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ṣadé_Ìjẹ̀bú

Dandridge náà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nínú Carmen Jones, àbí?

Lọ́yà_Mókọ́lá

Òun ni, 1954. Marilyn Horne, ọmọ ogún ọdún, aláwọ̀ funfun, ló kọ ọ́. Harry Belafonte tí gbogbo ayé mọ̀ sí olórin náà, LeVern Hutcherson ni wọ́n ní kó kọrin fún un. Wọ́n ní orin ọ́pẹ́rà ni, pé ohùn tó ti gba ẹ̀kọ́ ọ́pẹ́rà ló lè gbé e. Mo gbọ́. Ìyẹn ò ní kó má máa dùn mí.

Bàbá_Gírámáfóònù

Lọ́yà, o ṣeun, àmọ́ ó tún ní ìdàkejì tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Show Boat ti 1951. Nínú fíìmù, Annette Warren ló kọrin fún Ava Gardner. Lórí rẹ́kọ́ọ̀dù MGM ńkọ́? Ohùn Ava fúnra ẹ̀ ni wọ́n lò! Tó o bá wá ń wá ohùn tí wọ́n gbọ́ ní sinimá, rẹ́kọ́ọ̀dù ò ní í. Tó o bá ń wá ohùn Ava, fíìmù ò ní í. Èmi fẹ́ràn ti Ava o, kò fi bẹ́ẹ̀ ga, àmọ́ ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà ń dun obìnrin yẹn lóòótọ́.

Àkànní_Lewisham

Ẹ̀yin àgbà, orí mi ti ń fò, àmọ́ ẹ ṣeun gan-an. The Wizard of Oz ńkọ́? Ìyẹn gan-an ni màmá kọ́kọ́ wò láyé wọn. Mo rí méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ní Decca lára, èkejì ní MGM, méjèèjì lorúkọ Judy Garland wà.

Bàbá_Gírámáfóònù

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Kí o tó lè mọ̀ ọ́n, o gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nígbà tí fíìmù yẹn jáde ní 1939, kò tíì sí àṣà kí ilé iṣẹ́ fíìmù máa ta ohùn fíìmù lórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Disney ti gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú Snow White, Victor gbé orin inú ẹ̀ jáde ní 1938, àmọ́ fíìmù àwòrán ni ìyẹn. Fún fíìmù tí èèyàn gidi wà nínú ẹ̀, MGM ló là á, nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn sílẹ̀ tí wọ́n sì gbé Till the Clouds Roll By jáde ní 1947. Rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan ni, tí wọ́n kó mélòó kan sínú páálí bí ìwé álúbọ́ọ̀mù, ibẹ̀ gan-an lorúkọ "album" ti wá. Ojú kan ò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orin tó gùn nínú fíìmù, wọ́n gé e lórí, wọ́n gé e nídìí.

Ní báyìí, Decca tó o rí yẹn, 1940 ló jáde. Judy Garland ni lóòótọ́, torí òun àti Decca ló ní àdéhùn, àmọ́ sítúdíò ni wọ́n ti tún un kọ, pẹ̀lú àwọn olórin Ken Darby. Kìnnìún, ọkùnrin páànù, wọn ò sí níbẹ̀, àwọn mìíràn ló kọ tiwọn. Ti MGM jáde ní 1956, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ìyẹn ni ohùn fíìmù gan-an, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré pọ̀ nínú ẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ eré lórí rédíò. Fún màmá tó mọ ìtàn náà dáadáa, ìyẹn á dùn mọ́ wọn.

Ìdòwú_Ẹlẹ́rọ

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe níbí ní Manchester, mo sì fẹ́ sọ fún Àkànní pé ti Oz, kó gbàgbé LP, kó wá sídì méjì tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Rhino gbé jáde ní 1995. Gbogbo orin wà níbẹ̀ bó ṣe gùn nínú fíìmù, pẹ̀lú orin The Jitterbug tí wọ́n gé kúrò kí fíìmù tó jáde. Nǹkan kan sì wà níbẹ̀ téèyàn lè fi dán etí wò: Buddy Ebsen ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ọkùnrin páànù, ó ti gba orin sílẹ̀, àfi bí ẹ́tù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kùn ún lójú ṣe wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ tó gbé e dé ọsibítù. Jack Haley ló rọ́pò ẹ̀. Àmọ́ níbi tí gbogbo wọn ti jọ ń kọrin lọ sọ́dọ̀ oṣó yẹn, ohùn Ebsen ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ìdí tí wọ́n fi lè rí gbogbo èyí nìyí. Kì í ṣe ojú kámẹ́rà ni wọ́n ti ń kọrin. Wọ́n á kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà wọ́n á máa gbé e sí i níbi tí wọ́n ti ń yàwòrán, òṣèré á máa la ẹnu bá a (Rex Harrison nìkan ló yarí nígbà My Fair Lady, ó ní òun ò lè la ẹnu bá nǹkan kan, ni wọ́n bá fi máìkì aláìní-wáyà pamọ́ sínú táì ẹ̀). Ní MGM, wọ́n máa ń gbé máìkì sí oríṣiríṣi ibi, wọ́n á gba ti kálukú sórí fíìmù tiẹ̀ lọ́tọ̀. Wọn ò ní sítẹ́rìò (ohùn tó ń gba òsì àti ọ̀tún jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) lọ́kàn o, wọ́n kàn fẹ́ lè pò ó pọ̀ dáadáa lẹ́yìn ni. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà àwọn Rhino wá kó àwọn fíìmù ohùn yẹn jáde, wọ́n to apá òsì sí òsì, wọ́n to ọ̀tún sí ọ̀tún, ni orin tó jáde ní mónò (ohùn kan ṣoṣo) ní 1944 bíi ti Meet Me in St. Louis bá di sítẹ́rìò gidi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi etí gbọ́ ọ, mo dìde dúró.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún bí ẹni sá fún ejò: LP àwọn ọdún 1960 tí wọ́n kọ "electronically reprocessed" tàbí "rechanneled for stereo" sí lára. Mónò ni wọ́n mú, wọ́n ti ohùn ìsàlẹ̀ sí apá kan, wọ́n ti ti òkè sí apá kejì, wọ́n da gbohùngbohùn lé e. Ó ń dún bí ẹni ń kọrin nínú àgbá omi. Tẹ́ ẹ bá rí mónò àti irú ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mónò ni kẹ́ ẹ gbé.

Kọ́lá_Àwo_Dúdú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ sídì sídì, ẹ fẹ́ ba tiwa jẹ́ ni. Màmá ẹni ọdún 75, gírámáfóònù ni ọmọ ra fún wọn, páálí ńlá téèyàn lè dì mú, tó lè ka ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ wá ní kó lọ ra sídì. Ṣé torí ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n gé?

Ìdòwú_Ẹlẹ́rọ

Bùrọ̀dá Kọ́lá, mi ò bá LP jà. Ṣùgbọ́n LP MGM àkọ́kọ́ bíi ti Singin' in the Rain ní 1952, àwo kékeré oní íńṣì mẹ́wàá ni, orin bíi mélòó kan ló gbà, ibi tí wọ́n ti ń jó fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ò sí níbẹ̀. Sídì ló kó gbogbo ẹ̀. Àwọn fíìmù tó jáde láti 1955 lọ, bíi Oklahoma! àti The King and I ti Capitol, LP wọn dáa, ẹ gbé e láìbẹ̀rù.

Àǹtí_Bísí_Houston

Ẹ dákun, ẹ ò lè dárúkọ Singin' in the Rain kí n má sọ eléyìí. Ṣebí ìtàn inú ẹ̀ ni ti ọmọbìnrin kan tó ń fara pamọ́ kọrin fún ìràwọ̀ òṣèré tóhùn ẹ̀ ò dáa? Debbie Reynolds ló ṣe ọmọbìnrin yẹn. Ó dé ibi tó ti ń kọ Would You? fún ìràwọ̀ náà, Debbie gan-an ń la ẹnu lásán ni, Betty Noyes ló ń kọ ọ́. Ẹni tó ń yáni lóhùn náà yá ohùn lò.

Bàbá_Gírámáfóònù

Hahaha. Bísí, o ò ní pa mí.

My Fair Lady tí wọ́n dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú ara mi. Ẹ ra ti Broadway 1956, kì í ṣe ti fíìmù. Julie Andrews wà níbẹ̀ lọ́mọdé, Rex Harrison ṣì ń fi ìbínú gidi sọ̀rọ̀, CBS tó ni Columbia ló gbé owó eré náà kalẹ̀, wọ́n sì mójú tó rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ bí owó ara wọn. Mónò ni. Tó bá jẹ́ sítẹ́rìò lẹ fẹ́, àwọn kan náà tún un kọ ní London ní 1959, àmọ́ ó ti rẹ̀ wọ́n díẹ̀ nígbà yẹn létí tèmi.

Àǹtí_Bísí_Houston

Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba oúnjẹ lẹ́nu Marni. Ti 1964 ni tèmi.

Ìyá_Ìbejì_Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tá a wà nílé ńkọ́, tí ò sí ṣọ́ọ̀bù àlòkù tó ń ta irú ẹ̀ ládùúgbò? Orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ tèmi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kó sí pàǹpẹ́ kí n tó gbọ́n. Tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ fíìmù nìkan, oríṣi ogún ló máa jáde, karaókè, àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn tó fi pìánò nìkan lù ú. Ẹ wo orúkọ olórin lábẹ́ orin kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àwòrán iwájú. Ẹ wo ọdún ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 1965 sí The Sound of Music tẹ́ ẹ sì rí Julie Andrews, ẹ ti débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí Mary Martin, ti orí ìtàgé 1959 nìyẹn, kò sí "I Have Confidence" àti "Something Good" nínú ẹ̀, torí fíìmù ni Richard Rodgers kọ méjèèjì fún, òun nìkan ló sì kọ ọ́, Hammerstein tó máa ń bá a kọ ọ̀rọ̀ orin ti kú ní 1960.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, orin Do-Re-Mi ni ọ̀gá akọrin fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní sólífà. Wọ́n á ti mọ̀ ọ́n tán kí wọ́n tó mọ̀ pé fíìmù wà.

Bàbá mi sì máa ń sọ pé àwọn rí Louis Armstrong nígbà tó wá sí Nàìjíríà ní 1960. Tí Àkànní bá rí High Society ti Capitol 1956, kó rà á fún màmá, Armstrong wà níbẹ̀ pẹ̀lú Crosby àti Sinatra, Grace Kelly náà kọrin díẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kọ́ńtíráàkì gbà kí wọ́n jọ wà lójú kan, ẹ bi Lọ́yà bóyá ó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìdòwú_Ẹlẹ́rọ

Mo rántí nǹkan kan nípa rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n tún kọ, torí a ti bú u jù. Nígbà tí MGM ń palẹ̀ ilé mọ́ ní nǹkan bí 1970, wọ́n kó bébà orin gbogbo àwọn fíìmù yẹn, èyí tí àwọn onílù àti onífèrè ń kà, wọ́n lọ dà á nù sí ààtàn. Ààtàn o! John Wilson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jókòó ti fíìmù, tó ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, tó ń kọ ohun tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe sílẹ̀. Òun àti àwọn onílù ẹ̀ lù ú níbi àjọ̀dún orin Proms ní Royal Albert Hall lọ́dún 2009. Tiwọn kì í ṣe soundtrack, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí irinṣẹ́ yẹn ṣe dún nínú yàrá lọ́jọ́ náà, òun ló sún mọ́ ọn jù.

Kọ́lá_Àwo_Dúdú

Àkànní, kí o tó sanwó rẹ́kọ́ọ̀dù àlòkù: yọ ọ́ nínú páálí, gbé e sábẹ́ iná, kó o yí i díẹ̀díẹ̀. Ìlà tí èékánná ẹ bá bọ́ sí, abẹ́rẹ́ náà á bọ́ sí i. Tẹ́ ẹ sórí ọwọ́, kó o fojú wò ó bóyá ó ti tẹ̀. Kó o sì yẹ̀ ẹ́ wò pé orúkọ tó wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù inú páálí bá ti ara páálí mu, wọ́n ti fi orin Kérésìmesì sínú páálí fíìmù Gigi tà fún èmi rí. Tó o bá délé, omi tútù díẹ̀ àti aṣọ múlọ́múlọ́, má jẹ́ kí omi kan bébà àárín.

Àkànní_Lewisham

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Ọjà Deptford ni mo lọ láàárọ̀ yìí. South Pacific, RCA, mónò, Mitzi Gaynor lára ẹ̀ gbàgàdà, pọ́n-ùn kan àti àádọ́ta pẹ́ńsì. Mo gbé e sábẹ́ iná bí bùrọ̀dá Kọ́lá ṣe wí, ó họ díẹ̀ lójú kejì. Torí àṣírí ti tú tẹ́lẹ̀, mi ò dúró de ọjọ́ ìbí, mo ní kí màmá jókòó, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ó dé orí orin ọkùnrin yẹn, màmá gbọ́wọ́ sókè pé kí n dákẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó parí wọ́n ní "Òun nìyẹn. Òun gan-an nìyẹn." Mo wá lanu, mo ní màmá, ẹni tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, Tozzi ni o, Brazzi kọ́. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní "Ta ló bi ẹ́?"

West Side Story ti wà lọ́nà, High Society náà. Mo ra sídì Oz ti Rhino bí ẹ̀gbọ́n Ìdòwú ṣe sọ, ó dé lánàá, ìgbà tí mo já a tán ni mo rántí pé kò sí ẹ̀rọ sídì kankan nílé wa mọ́. Ẹni tó bá ní èyí tí kò lò mọ́ ní apá South East, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi méséèjì ránṣẹ́ sí mi, màá wá gbé e fúnra mi.